Irin ìwọ̀n M1 tàbí M2 fún síkéèlì ọjà: èwo ni kí n rà?

Onisikeeli_Kubwa kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ ra irin ìwọ̀n tí màá máa fi yẹ síkéèlì àwọn oníbàárà wò, ní Kubwa níbí, ní Dei-Dei àti Zuba. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni ti orí tábìlì, 30 kg, tó ń ka 10 g 10 g. Èkejì ni ti ilẹ̀, 300 kg, tó ń ka 100 g 100 g, èyí tí àwọn alágbàdo àti onírẹsì fi ń wọn àpò.

Oníṣòwò kan kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. M3 ni owó rẹ̀ kéré jù. M2 fi díẹ̀ lé e. M1 wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gbẹ́ni náà ní gbogbo wọn ló jẹ́ 20 kg, pé irin ni irin ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́:

Ṣé M2 kò tó fún iṣẹ́ ọjà? Irin mélòó ni mo nílò, àbí mo lè ra márùn-ún kí n fi àpò ìrẹsì tí mo ti wọ̀n dí ìyókù? Ṣé lóòótọ́ ni irin ìwọ̀n gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò? Ibo la ti ń ṣe é?

---

Baba_Iwon kọ pé:

Irin kì í ṣe irin o. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ń sọ bí ó ṣe lè yàtọ̀ tó sí iye tí wọ́n kọ sí i. OIML, àjọ àgbáyé tó ń rí sí òfin ìwọ̀n, ló to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé wọn tí wọ́n ń pè ní R 111. Irin 20 kg tó jẹ́ M1 lè fi 1 g lé tàbí kó fi 1 g dín. M2 lè fi 3 g yàtọ̀. M3 lè fi odindi 10 g yàtọ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ síkéèlì. Ti ọjà sábà máa ń jẹ́ kíláàsì III, ìyẹn ipele ìpéye rẹ̀. Ẹ wo pátákó kékeré ara rẹ̀, ẹ ó rí III náà àti lẹ́tà e. Ìgbésẹ̀ kan tí síkéèlì fi ń kà fún òwò ni e. R 76, ìwé OIML fún síkéèlì, sọ pé láti òdo dé 500e, àṣìṣe tí wọ́n gbà nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdajì e. Láti ibẹ̀ dé 2000e, e kan. Lókè ìyẹn, e kan àbọ̀. Bí síkéèlì bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ti 30 kg yín, e rẹ̀ jẹ́ 10 g. Nítorí náà ó jẹ́ 5 g títí dé 5 kg, 10 g títí dé 20 kg, 15 g títí dé 30 kg.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: àpapọ̀ àṣìṣe irin tí ẹ bá kó sórí síkéèlì kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àṣìṣe tí wọ́n gbà fún síkéèlì níbẹ̀. Ní 20 kg, àyè tí ẹ ní jẹ́ 3.3 g. M3 ti já, nítorí 10 g tirẹ̀ nìkan ti gbé gbogbo àyè síkéèlì náà mì. M2 ráyè wọlé pẹ̀lú 3 g. Ní 30 kg, àyè yín jẹ́ 5 g. Irin 20 kg àti 10 kg tó jẹ́ M2 jẹ́ 3 g pẹ̀lú 1.6 g, ìyẹn 4.6 g. Ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń ha ẹnu ọ̀nà. Ti 300 kg kò yàtọ̀: ní 200 kg, àyè jẹ́ 33 g, irin M2 mẹ́wàá ti jẹ 30 g nínú rẹ̀, nígbà tí M1 mẹ́wàá kò jẹ ju 10 g lọ.

Nítorí náà, lórí ìwé, M2 tó. Lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní rà á. Irin tí wọ́n ń gbé sókè gbé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ yóò bó lára, yóò dógùn-ún. Kò ní pẹ́ tí 0.3 g tó ṣẹ́kù fún M2 yóò fi tán, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ tó tán. M1 ni kí ẹ rà.

Nípa iye: àpò ìrẹsì kò ṣeé lò fún síkéèlì yín. Wọ́n máa ń fi ẹrù mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà dípò apá kan irin fún síkéèlì ńlá, bí èyí tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Níbẹ̀ náà, irin tòótọ́ gbọ́dọ̀ tó ìdajì agbára síkéèlì, ó kéré tán. Bí síkéèlì náà bá ń ka iye kan náà léraléra láìfi ju 0.2e yàtọ̀, wọ́n lè gbà kí irin sọ̀kalẹ̀ sí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Fún ti 300 kg yín, irin 300 kg ni kí ẹ rà. Àpò ìrẹsì ń fa ọ̀rinrin lásìkò òjò, ó sì ń gbẹ lásìkò ọyẹ́, iye tó wọ̀n láàárọ̀ kọ́ ni yóò wọ̀n lálẹ́.

Bí èmi ṣe máa to ó nìyí: irin 20 kg mẹ́rìnlá, 10 kg kan, 5 kg kan, 2 kg méjì, 1 kg kan. 300 kg géérégé. Ẹ fi 500 g kan, 200 g méjì, 100 g kan kún un, nítorí pé ìwọ̀n tó kéré jù tí kíláàsì III gbà jẹ́ 20e, ìyẹn 200 g lórí síkéèlì kékeré yín, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, 1 g mẹ́wàá àti 10 g mẹ́wàá. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn kì í rà, wọn ò sì mọ̀ pé láìsí wọn àyẹ̀wò kò pé.

Ìdí rẹ̀ ni pé síkéèlì tó ń ka 10 g 10 g kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá kọ 20.00, ó lè jẹ́ 19.996 ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ 20.004. Ẹ gbé 20 kg sórí rẹ̀, ó kọ 20.00. Ẹ máa fi 1 g kún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró kó fara balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi fò sí 20.01. Ká ní orí 7 g ló ti fò. Ẹ mú 20.000, ẹ fi ìdajì e kún un, ìyẹn 0.005, ẹ yọ 0.007 kúrò. Ó kù 19.998. Síkéèlì náà fi 2 g ka ẹrù sílẹ̀. Fún ti 300 kg, 10 g mẹ́wàá ni ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìwé ẹ̀rí náà ńkọ́? Ẹ má kàn wo òǹtẹ̀ orí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé náà. Ẹ wá iye tí irin kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀, kí ẹ sì wá U, ìyẹn bí iye náà fúnra rẹ̀ ṣe lè yẹ̀ tó, pẹ̀lú k=2, tó túmọ̀ sí pé ó dáni lójú tó nǹkan bí 95%. U kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àyè kíláàsì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju àyè kíláàsì tí a bá ti yọ U kúrò. Fún àpẹẹrẹ, ìwé sọ pé irin 20 kg kan fi 0.85 g lé, U rẹ̀ jẹ́ 0.3 g. Ẹni tí kò mọ̀ á ní 0.85 kò tó 1, ó ti yege. Kò yege. 1 yọ 0.3 jẹ́ 0.7. Irin yẹn kì í ṣe M1, ẹ dá a padà fún un.

Ibi àyẹ̀wò: National Metrology Institute tí SON (Standards Organisation of Nigeria) dá sílẹ̀ wà ní Enugu. Ilé àyẹ̀wò aládàáni tó ní àṣẹ ISO/IEC 17025, ìlànà àgbáyé fún ilé àyẹ̀wò, náà dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn láti ọ̀dọ̀ NiNAS, àjọ Nàìjíríà tó ń fún ilé àyẹ̀wò ní irú àṣẹ yìí, tàbí àjọ mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ mass àti iye kìlò tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Àwọn kan ní àṣẹ fún thermometer nìkan, wọ́n á sì máa fi ìwé kan náà gba iṣẹ́ irin. Ẹ sì rántí pé yíyẹ síkéèlì wò yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ òfin. Weights and Measures Department tó wà lábẹ́ Federal Ministry of Industry, Trade and Investment ló ni òǹtẹ̀ yẹn. Ẹ má fi òǹtẹ̀ tara yín rọ́pò rẹ̀.

---

Alayewo_Jos kọ pé:

Baba ti sọ̀rọ̀ tán lórí rírà. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Ẹ má kun irin ìwọ̀n ní ọ̀dà tuntun láé. Irin 20 kg ní ara tó fẹ̀ díẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin lọ. Ọ̀dà tó tinrin bíi bébà, ipele kan ṣoṣo, lè fi ohun tó ju 5 g lọ kún un. M1 yín ti di M3 lọ́jọ́ kan náà, ó sì ń dán gbinrin. Ẹ má fi sáńpépà nu ìpẹtà pẹ̀lú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá bo gbogbo nǹkan. Ẹ má fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́: púpọ̀ nínú irin wọ̀nyí ní ihò kékeré kan tí wọ́n fi òjé dí lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, omi lè wọ ibẹ̀. Ẹ gbé e sókè kí ẹ mì í díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún ṣáṣá nínú, tàbí òǹtẹ̀ orí òjé náà ti fọ́, irin yẹn kò tún jẹ́ irin àyẹ̀wò mọ́.

Àpótí onígi tí irin kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ ni kí ẹ fi kó o. Ẹ má jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà àti jáàkì. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí síkéèlì, ẹ gbé e jẹ́jẹ́, ẹ má fà á, nítorí bí 20 kg bá já lulẹ̀ sórí síkéèlì 30 kg, load cell, ohun inú síkéèlì tó ń mọ ìwúwo ẹrù, ló máa gba ìyà rẹ̀.

Irin tó ti jókòó sínú ọkọ̀ ní oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná débi pé ẹ ò lè dì í mú. M1 kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bíi F1, irin tó péye jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ibòji kí ọwọ́ yín lè gbà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Síkéèlì pẹ̀lú: ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ìfófó inú ìgò omi kékeré ara rẹ̀ yóò fi wà láàárín, ẹ gbé ẹrù tó kún un sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ tó dá a padà sí òdo. Ẹni tó bá fo ìyẹn máa rí àṣìṣe nínú kíkà àkọ́kọ́, ìkejì á yàtọ̀, á wá máa bú irin.

Ẹ má gbàgbé igun. Ẹ gbé 10 kg sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síkéèlì 30 kg lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ju 10 g lọ ní igun kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí load cell rẹ̀ ló ní wàhálà. Síkéèlì orí ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àìsàn yìí, torí pé àpò kì í balẹ̀ sí àárín gbùngbùn.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń ra síkéèlì ní Èkó wá sí òkè ọ̀hún. Síkéèlì oníná kì í wọn kìlò, bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹrù ló ń wọ̀n, agbára yẹn kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Síkéèlì tí wọ́n tò sí 30 kg gan-an létí òkun ní Èkó lè ka giramu bíi mélòó kan sílẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè tó ìdajì e tàbí kó sún mọ́ odindi e. Kò bàjẹ́. Irin ni kí ẹ fi tún un tò níbi tí wọ́n ti máa lò ó. Abuja kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni.

---

Alaguna_Kano kọ pé:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bá àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣiṣẹ́. Síkéèlì wọn jẹ́ 200 g, ó ń ka 0.01 g. Ṣé M1 yìí náà lè gbà wá?

---

Baba_Iwon kọ pé:

Ẹ wo pátákó rẹ̀ dáadáa kí n tó dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ d=0.01 g àti e=0.1 g sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí ojú ń rí ni d, ohun tí òfin ń kà ni e.

Bí e bá jẹ́ 0.1 g, 200 g jẹ́ 2000e, kíláàsì III sì ni. Àyè rẹ̀ jẹ́ 100 mg, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 33 mg àti díẹ̀. M1 200 g lè yàtọ̀ dé 10 mg. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kíláàsì II, tí e fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 0.01 g, àyè ní 200 g jẹ́ 10 mg, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 3.3 mg. M1 ti bọ́ síta. F2, tó wà láàárín M1 àti F1, wọlé pẹ̀lú 3 mg, bí M2 ti ń ha ẹnu ọ̀nà lókè yẹn ló ṣe ń ha tirẹ̀. F1 tí ó jẹ́ 1 mg ni kí ẹ rà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan án, nítorí òróró ìka yín ní ìwọ̀n. Ìbọ̀wọ́ tàbí ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Kí irin àti síkéèlì sun inú yàrá kan náà mọ́jú, kí wọ́n lè gbóná bákan náà. Ẹ pa fáànù.

---

Oni_Galanu kọ pé:

Mo rí i pé irin nìkan ni ẹ ń sọ. Àwa tí a ń yẹ ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù wò, agolo 20 lítà ni irin tiwa, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ sì pọ̀ ju ti irin lọ.

R 120, ìwé OIML fún agolo ìwọ̀n, gba kí agolo náà fi ìdá kan nínú 2000 yàtọ̀, ìyẹn 10 ml. Ẹ̀rọ epo fúnra rẹ̀ ní 0.5%, 100 ml nínú 20 lítà. Ó jọ pé àyè pọ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń jẹ ẹ́. Agolo stainless tí wọ́n tò ní 20°C máa ń fẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ní 35°C, bí ọ̀sán Abuja ṣe ń rí, ó ti fi nǹkan bí 14 ml tóbi sí i. Epo á wá lọ sílẹ̀ lọ́rùn agolo, ẹ̀rọ á dà bí ẹni tó ń jalè, bẹ́ẹ̀ agolo ló ṣe é. Ẹ fi 14 ml yẹn kún ohun tí ẹ bá kà. Epo fúnra rẹ̀ tún burú jù: tó bá gbóná ní dígírì kan péré nínú agolo, 20 lítà á fi bíi 20 ml lé. Ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì kà á kíákíá.

Agolo gbígbẹ kì í fúnni ní ìdáhùn tòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ bu epo kún un, ẹ dà á nù, kí ẹ sì jẹ́ kó ro fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ, 30 ló wọ́pọ̀, lẹ́yìn tí epo bá ti di ẹ̀kán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gidi, gbogbo ìgbà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ bákan náà. Orí ilẹ̀ ni kí agolo wà, kí ẹnu nozzle kan ara rẹ̀, nítorí iná static tó lè ṣẹ́ná sí epo.

Agolo tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ ni ó léwu jù. Inú rẹ̀ ti kéré, epo á ga lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rọ á dà bí ẹni tó ń fúnni lé. Ẹni tó ń tún un ṣe á wá dín in kù, oníbàárà ni yóò san gbèsè ìtẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá rí ìtẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò tuntun, ẹ má lù ú jáde.

---

Onisikeeli_Kubwa kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. M1 ni màá rà. Ohun kan ló kù: láàárín ìgbà tí mo bá kó o lọ fún àyẹ̀wò àti ìgbà tó kàn, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé irin kan ti yẹ̀?

---

Alayewo_Jos kọ pé:

Ẹ ra irin 20 kg M1 kan sí i tí kò ní jáde nílé. Ìyẹn ni ẹ ó máa fi wo àwọn tó ń jáde. Ẹ nílò síkéèlì kan tó lè gbé 30 kg tó sì ń ka 0.1 g. Kò pọn dandan kó péye, kó ṣáà máa ka iye kan náà léraléra.

Ẹ gbé ti ilé, ti ìta, ti ìta lẹ́ẹ̀kan sí i, ti ilé lẹ́ẹ̀kan sí i, láìdá síkéèlì padà sí òdo láàárín. Ká ní ẹ rí 20000.1, 19999.6, 19999.7, 20000.2. Àpapọ̀ ti ìta jẹ́ 39999.3, ti ilé jẹ́ 40000.3. Ẹ pín ìyàtọ̀ 1.0 sí méjì: irin ìta fi 0.5 g fúyẹ́ ju ti ilé lọ. Bí ìwé ẹ̀rí ti ilé bá sọ pé ó fi 0.1 g lé, a jẹ́ pé irin ìta fi 0.4 g dín. Tí ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ bá ti sọ 0.3 g dín tẹ́lẹ̀, 0.1 g ló yẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ẹ ṣe ń gbé e nígbà méjì méjì báyìí ni kò ní jẹ́ kí yíyẹ̀ síkéèlì fúnra rẹ̀ bí ooru yàrá ṣe ń pọ̀ sí i dà yín láàmú.

Ẹ máa ṣe é lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti lọ́jọ́ kọ́jọ́ tí irin kan bá já lulẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní nọ́ńbà irin kọ̀ọ̀kan. Irin tó bá ti fi ju 0.5 g yẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ so okùn pupa mọ́ ọn, kí ó má tẹ̀ lé yín lọ sí Dei-Dei. Gbogbo wọn, pẹ̀lú ti ilé, kí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tí ẹ ń kọ yẹn ni yóò sọ bóyá ẹ lè sún un sí ọdún méjì.